Lindstrom Mẹ́ta àti Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

Tèmítọ́pẹ́, ọmọ ọmọ mi obìnrin, ló fa ìtàn yìí. Ó wá kí mi nílé ní Springdale, ní Amẹ́ríkà níbí, lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ní òun ń rò ó bóyá kí òun kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí kí òun máa bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ. Mo ní kó tó gbọ́ èsì, kó kọ́kọ́ bá mi wá orúkọ kan lórí fóònù rẹ̀. Orúkọ náà ni Lindstrom. Ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rí ojú ewé kan tí wọ́n to àwọn gbajúmọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ yẹn sí: agbábọ́ọ̀lù, akọrin, òṣèlú, àwọn tó ń fi igi sáré lórí yìnyín. Ó ń kà á lọ, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Grandma, they're so many. Ta lẹ ń wá gan-an?"

Mẹ́ta ni mo ń wá. A rí méjì, awakọ̀ òfurufú kan àti onímọ̀ ìṣirò kan, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ nípa wọn. A ò rí ẹnì kẹta. Nọ́ọ̀sì ni òun, òun ló kọ́ mi níṣẹ́, wọn kì í sì í sábà kọ orúkọ nọ́ọ̀sì sí irú ibẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bá ara wọn tan. Orúkọ yẹn wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ará Sweden bí Adéyẹmí ṣe wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, Adéyẹmí sì ni èmi náà ń jẹ́ nílé ọkọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, mi ò ní tàn yín. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì, ẹ̀rù ni mo sì fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ti fẹ̀yìn tì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe tiwọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Tèmi tí mo mọ̀ ni mò ń sọ.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí kò gba àlàyé púpọ̀. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ọ̀yọ́. Mo wá bá ẹ̀gbọ́n mi nínú yàrá kan ní Hillcrest Heights, mo fi ọdún díẹ̀ tọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, mo yege, wọ́n gbà mí sí ilé ìwòsàn kan ní agbègbè yìí. Owó tí wọ́n ń san tó jẹun, kò tó fi ṣakọ. Ọkọ mi àti àwọn ọmọ mi méjì ṣì wà nílé nígbà yẹn, à ń retí ìwé tí wọ́n máa fi wọ Amẹ́ríkà, ìwé náà sì so mọ́ iṣẹ́ mi. Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ mi, a jẹ́ pé ojú mi máa pẹ́ kó tó tún kan tiwọn.

Láàárín oṣù àkọ́kọ́, bí tẹlifóònù wọ́ọ̀dù bá ti dún báyìí, ilé ìyàgbẹ́ ni mo máa ń yà sí. Mi ò gbọ́ ohun tí àwọn dókítà ń sọ lórí fóònù yé, àwọn náà ò gbọ́ tèmi. Bí ẹ̀rọ kankan bá dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo máa rò pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo máa ń dé ibi iṣẹ́ ní wákàtí kan ṣáájú àkókò, màá jókòó sínú ọkọ̀ mi nínú pákì, màá máa ka orúkọ oògùn sí ara mi létí bí ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò.

Ọwọ́ Misis Lindstrom ni wọ́n fi mí sí. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù wa, obìnrin tín-ín-rín tó máa ń di irun funfun rẹ̀ mọ́ ìpàkọ́ pinpin. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Sweden wá. Kì í pariwo mọ́ èèyàn, ohùn rẹ̀ kì í tiẹ̀ lọ sókè rárá, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò oògùn: nígbà tí mo bá mú un, nígbà tí mo bá ń fà á sínú abẹ́rẹ́, nígbà tí mo bá ń dá a padà. Bí mo bá kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó mọ̀. Mi ò mọ bó ṣe ń mọ̀. Lọ́jọ́ kan, mo ti wọ ọkọ̀, mo ti tan án, ó ní kí wọ́n pè mí padà láti pákì wá fọwọ́ sí ìlà kan ṣoṣo tí mo gbàgbé. Yìnyín ń já bọ́ lọ́jọ́ náà. Mo ṣépè fún un nínú ọkàn mi títí mo fi délé.

Ìjà tó tóbi jù láàárín wa ni ti orúkọ. Òfin rẹ̀ ni pé kí nọ́ọ̀sì tó fún aláìsàn ní ohunkóhun, kó bi í ní orúkọ rẹ̀ méjèèjì àti ọjọ́ ìbí rẹ̀, kó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, kó sì wo ìdè oníke tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, ó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo, ó pa ojú dé, ó ní kí n bi òun ní orúkọ òun. Obìnrin tó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, mo ní, "Good morning, ma." Ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún sọ "Good morning, ma." Ó lajú, ó wò mí.

Ẹ̀yin tí wọ́n bí síbí lè má mọ bó ṣe rí lára. Níbi tí mo ti wá, ẹnu ọmọdé kì í gbà á láti pe àgbàlagbà lórúkọ, ká má tilẹ̀ sọ pé kó dúró lé e lórí kó máa bi í léèrè ẹni tó jẹ́ àti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìyá mi ì bá gbá mi lẹ́nu. Nítorí náà, Daddy ni gbogbo bàbá lọ́dọ̀ mi, Mama ni gbogbo ìyá. Àwọn aláìsàn fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n á ní ẹ wo nọ́ọ̀sì tó láájò, tó ń bọ̀wọ̀ fúnni. Èmi náà gbà pé mo láájò. Misis Lindstrom mú mi lọ sídìí dúrọ́wà oògùn, ó fà á síta, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò gbàgbé títí dòní. Ó ní, "Wá a dáadáa. Kò sí oògùn kankan níbí tí wọ́n kọ Daddy sí lára."

Mo ń ṣe é bó ṣe fẹ́ bó bá wà nítòsí. Bó bá ti kúrò, mo padà sí Daddy mi.

Ọdún kẹta mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Wọ́n gba bàbá méjì sí wọ́ọ̀dù wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn méjèèjì ń jẹ́ Lindstrom. Èyí àkọ́kọ́ ti fìgbà kan jẹ́ awakọ̀ òfurufú nínú ológun, Camp Springs ló ń gbé, nítòsí ibùdó ọkọ̀ òfurufú tó ti ṣiṣẹ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ló kán, wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Èkejì ni onímọ̀ ìṣirò, ọ̀kan nínú àwọn tó ṣírò ọ̀nà tí ọkọ̀ òfurufú gbà lọ sí òṣùpá. Àtọ̀gbẹ ló ń bá a fínra, egbò kan sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tó kọ̀ tí kò jinná. Àwọn méjèèjì ga, irun wọn funfun, ohùn wọn rọlẹ̀. Misis Lindstrom fi bébà pupa sí ẹnu ilẹ̀kùn wọn pé orúkọ jọra, kí gbogbo èèyàn ṣọ́ra. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, nígbà tí à ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣe ti òru, ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní Lindstrom mẹ́ta ti pọ̀ jù fún wọ́ọ̀dù kan. A rẹ́rìn-ín.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀ ni pé àwọn bàbá méjèèjì ti gbọ́ orúkọ ara wọn. Awakọ̀ òfurufú fi ọ̀pá onírin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí yàrá onímọ̀ ìṣirò láti béèrè bóyá abúlé kan náà ni baba ńlá wọn ti wá. Wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ Sweden tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ò dé rí. Nígbà tó yá, onímọ̀ ìṣirò wọ ilé ìwẹ̀ inú yàrá náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga.

Ìgbà yẹn gan-an ni mo wọlé, mo mú abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì dání fún àtọ̀gbẹ ẹni tó ni yàrá. Oúnjẹ ọ̀sán ń bọ̀. Bàbá kan jókòó lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ga, irun rẹ̀ funfun. Mo rí ọ̀pá onírin náà. Mo rí i, mi ò parọ́, kò kàn sọ nǹkan kan fún mi. Mo ní, "Daddy, it's time for your needle." Awakọ̀ òfurufú ni, òun náà sì ń gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, nítorí náà kò yà á lẹ́nu. Ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ sókè, mo gún un ní ikùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí mo bá tilẹ̀ pè é ní Ọ̀gbẹ́ni Lindstrom, ó máa jẹ́ mi ni. Ìbéèrè odindi nìkan ló lè gbà á, orúkọ méjèèjì àti ọjọ́ ìbí.

Kò pé ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, agogo ìpè dún láti yàrá yẹn. Mo wọlé. Bàbá kan wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú oúnjẹ níwájú rẹ̀, ó ní òun kò fẹ́ dà mí láàmú, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fún òun ní abẹ́rẹ́ òun, oúnjẹ sì ń tutù. Mo wo ojú rẹ̀. Mo wo àga. Àga ṣófo. Mo bi í pé ta ló wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Oh, that was the other Lindstrom."

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ tí wọ́n gún ní ínsúlíìnì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa wálẹ̀, á máa wálẹ̀, bí kò bá sí ẹni tó dá a dúró, á dákú, ó lè gbabẹ̀ lọ. Mo mọ̀ ọ́n. Ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn kọ́kọ́ kì í ṣe bàbá náà. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì mi ni mo kọ́kọ́ rò. Mo ro ìwé àwọn ọmọ mi. Mo rí wọn ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ṣì ń retí mi. Ohùn kan nínú mi ní: mú omi ọsàn lọ fún un, kó mu ún, ara rẹ̀ á balẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo gbọ́ràn sí ohùn yẹn lẹ́nu. Mo lọ sí ilé ìdáná kékeré wọ́ọ̀dù, mo ń wá omi ọsàn. Mo rí i, kò sí ife. Mo wá ife. Ìránṣẹ́ kan ń kí mi, mo dá a lóhùn, mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín sí i. Gbogbo rẹ̀ gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, mo mọ̀ nítorí aago ńlá wà lára ògiri ibẹ̀, mo sì ń wò ó.

Nígbà tí mo dé yàrá awakọ̀ òfurufú, oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀, kò fọwọ́ kàn án. Òógùn bò ó. Ojú rẹ̀ là, kò sì rí mi. Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lá àlá, ó ní kí wọ́n tan iná ọ̀nà ìbalẹ̀, òun ò rí ilẹ̀. Mo gbé ife sí i lẹ́nu, omi ọsàn ń dà sí i láyà. Kò lè gbé e mì. Ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo di í mú.

Mo pe Misis Lindstrom. Igbe ni mo ké. Ó wọlé, mi ò sì jẹ́ kó béèrè, mo ní mo ti gún un ní ínsúlíìnì ẹni kejì. Kò bá mi wí. Kò wo ojú mi pàápàá. Ó ní kí n di apá bàbá náà mú, ó wá iṣan rẹ̀, ó fa ṣúgà olómi sí i lára, ó ránṣẹ́ pe dókítà, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tí kì í lọ sókè yẹn. Mo ń wo ojú bàbá náà. Mò ń bẹ Ọlọ́run ní èdè ìyá mi pé kí ó má kú sí mi lọ́wọ́. Ó pẹ́ kó tó ṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ó yí orí, ó rí mi, ó ní ebi ń pa òun.

Nígbà tí wọ́n ti rí i pé kò ní í kú, Misis Lindstrom mú mi wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé fọ́ọ̀mù síwájú mi. Mo kọ ọ́ títí mo fi parí. Ó kà á. Ó ní omi ọsàn wà láyà bàbá náà, òun ò rí omi ọsàn nínú ìwé. Mo sọ fún un. Ó béèrè pé ìṣẹ́jú mélòó ni mo fi wá a. Mo ní mẹ́rin.

"Kọ ìṣẹ́jú mẹ́rin náà sílẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní àwọn tó máa kà á á sọ pé mo fẹ́ fi pamọ́. Ó ní òótọ́ ni, mo fẹ́ fi pamọ́. Ó fún mi ní bírò. Mo kọ ọ́.

Wọ́n dá mi dúró nílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mo ti sọ pé ẹ̀rù ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn yàtọ̀. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Bó bá pè láti ilé, màá ní iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Bí ẹni tó ń kó lẹ́tà bá dúró níwájú ilé wa, màá rò pé ìwé tí wọ́n fi gba láísẹ́ǹsì mi ló mú wá. Nígbà tí wọ́n pè mí síwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, aṣọ ọrùn mi ti tóbi jù mí. Wọ́n bi Misis Lindstrom bóyá ó lè tún fọkàn tán mi. Ó ní òun ò fọkàn tán ẹnikẹ́ni tó bá mú abẹ́rẹ́ dání, títí kan ara òun. Ó ní ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ nípa ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn àfi obìnrin yìí, òun ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Wọ́n ní kí n tún ẹ̀kọ́ oògùn ṣe, wọ́n sì fi láísẹ́ǹsì mi sílẹ̀ fún mi. Ìwé àwọn ọmọ mi jáde ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Kí wọ́n tó dá mi dúró, mo lọ bẹ awakọ̀ òfurufú. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ní kí n dìde. Ó ní ìgbà kan wà tí òun fẹ́ gbé ọkọ̀ tó kún fún èèyàn balẹ̀ sí ọ̀nà tí kì í ṣe tòun, ẹlòmíì ló béèrè ọ̀rọ̀ kan lórí rédíò tí ojú òun fi là. Ó wá ní kí n béèrè orúkọ òun. Mo béèrè, orúkọ méjèèjì àti ọjọ́ ìbí. Ó nà tàntàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dá mi lóhùn bí ọmọ ogun tó ń jẹ́ ọ̀gá rẹ̀.

Láti ọjọ́ yẹn, mo ń béèrè. Mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tí mo ti tọ́jú fún oṣù mẹ́ta. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá kan láti Ìbàdàn tó mọ ìyá mi, ó bínú, ó ní Amẹ́ríkà ti yí mi lórí. Mo ní ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́. Wọ́n kó ìwé àkọsílẹ̀ oníbébà kúrò, wọ́n kó kọ̀ǹpútà orí táyà wá, wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ tó ń tan iná pupa sí ìdè ọwọ́ aláìsàn tó sì máa ń dún bó bá bára mu. Àwọn ọmọ tó wá lẹ́yìn wa fẹ́ràn ìró yẹn. Wọ́n á fi ẹ̀rọ kan ìdè ọwọ́, á dún, wọ́n á máa lọ, wọn ò ní gbójú sókè. Ẹ̀rọ náà dáa, ó ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ irú èmi. Ẹ̀rù rẹ̀ ṣì ń bà mí.

Ní oṣù tó kọjá ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún mi. Tèmítọ́pẹ́ jókòó tì mí lọ́jọ́ kejì. Bébà pupa wà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, nítorí Adéyẹmí mìíràn wà ní yàrá kejì. Nọ́ọ̀sì mi wọlé láàárọ̀, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀rọ alátan iná rẹ̀ ti kú, kò sí bátìrì nínú rẹ̀. Ó mú abẹ́rẹ́ dání.

"Ẹ káàárọ̀, Mummy. It's just the one for your blood. Kò ní dùn yín."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ikùn mi. Mo ní kó bi mí ní orúkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun mọ̀ mí, Mummy Adéyẹmí. Mo ní rárá, kó bi mí ní orúkọ méjèèjì, kó sì bi mí ní ọjọ́ tí wọ́n bí mi.

"Ah, Mummy. How can I ask you like that? My mom would kill me."

Mi ò gbé ọwọ́ kúrò. Tèmítọ́pẹ́ rò pé oògùn iṣẹ́ abẹ ló ṣì ń dà mí láàmú, ó ń pè mí jẹ́jẹ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí i pé mi ò ṣeré, ó béèrè, ó ń wo ilẹ̀. Mo dá a lóhùn. Ó wo ìdè ọwọ́ mi, ó wo ara abẹ́rẹ́, ó kà á, ó sì tújú ká.

"You see, Mummy? Tiyín ni."

Mo sọ fún un pé abẹ́rẹ́ tí mo fún àwọn aláìsàn mi náà jẹ́ tiwọn lójoojúmọ́ fún ọdún mẹ́ta, àfi ọjọ́ kan. Kò béèrè ọjọ́ wo. Ó gún mi, ó rọra jáde. Tèmítọ́pẹ́ fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi, ó di ọwọ́ mi mú.

Ní ọ̀sán, nọ́ọ̀sì náà tún padà wá pẹ̀lú oògùn míì. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti ní bátìrì báyìí, iná pupa rẹ̀ ń tàn. Kò kọ́kọ́ nà án sí mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, orúnkún méjèèjì, ó gbójú sókè, ó wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má bínú. Kí ni orúkọ yín?"